Ọ̀nà Mọ́ńdè Kì Í Ṣe Ọ̀nà Sọ́ńdè

Agboolé wa,
Ìdúmàgbò,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Mọ́ríámọ̀, Àníkẹ́ mi, ọmọ tó jẹ́ kí n máa rìn bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà, ìwọ àti ọkọ rẹ Wàsíù, àti Náfísá ìyá kékeré tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ? Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ìlọrin ńkọ́, ṣé ó ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi òun sílẹ̀?

Láti ọjọ́ tí o ti pè pé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní Màríínà, n ò lè jókòó síbì kan. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Àrin, oníbàárà á bèèrè mílíìkì, màá gbé ṣúgà fún un. Ìyá Sàkírù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní, "Ìyá Mọ́ríámọ̀, ṣé ìwọ ni wọ́n gbà síṣẹ́ ni àbí ọmọ ẹ?" Mo ní àwa méjèèjì ni. Àní ọmọ mi, ní Màríínà. Ibi tí èmi náà ti tẹ tàípù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo rò pé kò sí ohun tó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ìwọ wá ń lọ síbẹ̀ lọ jókòó sí àga tó ń yí po. Mo ti sọ fún gbogbo agboolé. Mo ti sọ fún àwọn tí kò bi mí léèrè.

Bàbá rẹ ní kí n kàn pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, ìwọ á ti ní "Màmá, mo ti gbọ́," bẹ́ẹ̀ o ò tíì gbọ́ nǹkan kan. A kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìwé. Fara balẹ̀ kà á, kí Wàsíù náà bá ọ kà á.

Ohun tí o sọ fún mi ni mo fẹ́ tún sọ, kí n lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. O ní ilé méjì ló wà níwájú yín. Ọ̀kan wà ní Ìkòròdù, yàrá mẹ́ta, ọgbà, kànga, àti àyè tí ọkọ rẹ lè to àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tó ń tún ṣe sí. Èkejì wà ní Ṣómólú, yàrá kan àti pálọ̀ kan, pẹ̀lú kíṣíìnì tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá wọlé, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ jáde. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí méjèèjì. Ejẹ́ńtì ní ogójì ìṣẹ́jú péré ni láti Ìkòròdù dé Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fẹ́ gbọ́ èsì títí Fúráìdè tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Màmá, Èbúté Èrò ni ọkọ̀ ń já èrò sí, ẹ̀yìnkùlé yín náà ni. Tí ẹ bá lè gba Náfísá láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, a ó gba ti Ìkòròdù." O ní kí n ronú sí i.

Mo ti ronú sí i. Mo tiẹ̀ ti rìn ín.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tèmi. Àwa tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹsẹ̀ la fi ń lọ síbi gbogbo. Ilé kéú, ẹsẹ̀ ni. Sẹ́kọ́ńdìrì, ẹsẹ̀ ni. O lè gbé ọbẹ̀ kaná kí o fi sílípáàsì ilé sáré dé Ìdúmọ̀tà, kí o sì padà wá bá a kó má tíì jóná. Nígbà tí mo ń ṣe taipíìsì, ilé ni mo ti ń wá jẹun ọ̀sán. Nítorí náà a ò mọ ọ̀nà wò. Ẹni tó dàgbà sí Àgége mọ̀ pé ọ̀nà ní àkókò tirẹ̀, pé ó máa ń bínú, pé ó máa ń yọ́nú. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó rò pé ọ̀nà kàn jẹ́ ohun tó wà láàárín ilé méjì.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ fẹ́ kúrò ní agboolé kí àwa náà lè ní ilẹ̀kùn tiwa, Àgbádó la rí ilé sí. Sọ́ńdè la lọ wò ó, lẹ́yìn àsàlátù, torí ọjọ́ yẹn nìkan la ráyè. Ọ̀nà dá páropáro. Bàbá rẹ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Wákàtí kan géérégé." Èmi ò tiẹ̀ wo aago. Fáráńdà òkè ni mo ń wò. Mo ti ń yan ibi tí màá fara tì tí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ti rí mi láti ìsàlẹ̀. A sanwó ọdún méjì lójú ẹsẹ̀.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́, aago mẹ́wàá kọjá kí n tó dé ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi obìnrin wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyàwó Àgbádó, ṣé ẹ ti jí?" Bí orúkọ ṣe mọ́ mi lára nìyẹn. Ìyàwó Àgbádó, wá tẹ lẹ́tà yìí. Ìyàwó Àgbádó, ṣé òní náà la ó rí i? Ní ti fáráńdà yẹn, ní gbogbo ìgbà tí a fi gbé ibẹ̀, mi ò rò pé mo dúró lórí rẹ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó dé. Ta ló fẹ́ rí mi?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: má fi Sọ́ńdè wo ilé tí o máa ti lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Ọ̀nà Mọ́ńdè kì í ṣe ọ̀nà Sọ́ńdè, bí wọ́n tilẹ̀ jọ gba ojú títì kan náà. Mo sì mọ̀ pé Sọ́ńdè ni ìwọ àti Wàsíù wá láti Ìlọrin wá wo ti Ìkòròdù. Ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fi pamọ́. Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́.

Èkejì: má fi ẹnu ejẹ́ńtì ka aago. Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni. Ibi tó wù ú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìdí tí mo fi lọ rìn ín fúnra mi nìyẹn. Sọ́ńdè tó kọjá, mo di báàgì kékeré, mo gba aago ọwọ́ bàbá rẹ, mo lọ sùn lọ́dọ̀ Àǹtí Sìkírá, àbúrò mi, ní Ìkòròdù. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí ẹ fẹ́ gbà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní kí àwọn ará ilé wá wo ìyá arúgbó tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Aago márùn-ún ìdájí Mọ́ńdè, mo jáde. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí bisikíìtì. Ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Kẹ̀kẹ́ láti títì dé gáréèjì. Ọ̀kadà mìíràn dé èbúté. Mo rò pé màá bá ọkọ̀ níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Èmi ni mo dúró dè é. Ìlà èrò ti gùn dé ẹnu géètì.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú mi tí kò lè jù ọ́ lọ. Sílípáàsì ló wọ̀, bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù, ó ń kun àtíkè láìwo dígí, ojú rẹ̀ sì gún régé. Ó kí mi, ó ní òun ò rí mi rí lórí ìlà. Mo ní ọmọ mi ló fẹ́ kó wá, mo wá bá a wo ọ̀nà ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní irú ìyá báyìí lòun ń wá. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o ní sílípáàsì méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lábẹ́ tábìlì ní ọ́fíìsì, àti pé kí o má dán síkẹ́ẹ̀tì funfun wò láéláé.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, Àníkẹ́, kí n má parọ́, inú mi dùn bí ọmọ kékeré. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi, omi ń dán, Èkó ń jáde bọ̀ níwájú wa díẹ̀díẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Mo ti gbé Èkó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i láti ọ̀ọ́kán bẹ́ẹ̀ rí. Orí omi náà gan-an kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Ejẹ́ńtì ò parọ́ níbẹ̀. Ohun tó wà ṣáájú omi àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò kà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ẹnu ọ̀nà Sìkírá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ, wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú.

Mo dúró dìrọ̀lẹ́, torí àlọ nìkan kọ́ ni ọ̀nà, àbọ̀ náà wà níbẹ̀. Òjò ṣú. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò ní gbéra títí ojú ọ̀run á fi mọ́. Gbogbo wa jókòó sí èbúté. Ọmọbìnrin àárọ̀ yẹn tún rí mi, ó wá jókòó tì mí, bàtà rẹ̀ ti padà sínú náílọ́ọ̀nù. Mo bi í bóyá ó ti bímọ. Ó ní ọ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá ọkọ òun ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Òun máa ń fi í sílẹ̀ lójú oorun, òun á sì padà bá a lójú oorun. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ èyí tó kù: "Màmá, Sátidé lèmi àti ẹ̀ máa ń ríra. Tó bá kọ́kọ́ jí, á máa wò mí bíi àlejò tó wá sùn."

Mo ṣe bíi pé mò ń wá nǹkan nínú báàgì.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyí. O ò tíì pé ọdún méjì nígbà tí a wà ní Àgbádó. Kí àkùkọ tó kọ ni mo máa ń jáde, o ti máa ń sùn kí n tó dé. Obìnrin tó ń bá wa tọ́jú rẹ wá kó lọ. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ní kí n gbé ọ wá sí agboolé, kí á máa wá wò ọ́ ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí wọ́n tó bí wa. Ọmọ ìyá àgbà kì í ṣe ọmọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan wí sí i. Èmi náà dúpẹ́. Mo tiẹ̀ sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo dé ní Sátidé kan pẹ̀lú bàtà pupa kékeré tí mo rà fún ọ. O wà ní àgbàlá, ìwọ àti Ìyá Àgbà jọ ń ṣa ẹ̀wà. Bí o ṣe rí mi, o sá sẹ́yìn ìró rẹ̀. Ó ní, "Ó yá, kí màmá ẹ." O jáde, o kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, o ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí."

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹni tó bá ń wẹ ọmọ ni ọmọ ń pè ní ìyá. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ níbi tẹ́ ẹ lọ yẹn, màá gba ọmọ yìí mọ́ ẹ lọ́wọ́ láìmọ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́."

A fi Àgbádó sílẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. A padà sí yàrá kan ní agboolé, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ààwẹ̀ odindi kan wá, ó lọ, kí o tó pè mí ní Màmá láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ tì ọ́. Iṣu ni mò ń bó lọ́jọ́ náà. Mi ò tètè dá ọ lóhùn, kí o lè tún un pè.

Nítorí náà, ọmọ mi, mi ò ní gba Náfísá lọ́wọ́ rẹ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Má rò pé mi ò fẹ́ ẹ. Kí o tó fi fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo ti ń wo igun tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí. Mo ti ra àga oníke kékeré, mo ti so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo ti sọ fún Ìyá Sàkírù pé n ò ní máa pẹ́ lọ́jà mọ́ torí mo ní ọmọ nílé. Mo ní láti lọ bá a sọ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ dùn ju ọmọ lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ìdí tó fi yẹ kí n kọ̀ gan-an nìyẹn. Mo mọ ara mi. Tó bá fi lè pè mí ní Màmá lẹ́ẹ̀mejì péré, n ò ní tún un ṣe fún un mọ́.

Bóyá o fẹ́ ní kí o máa gbé e wá láàárọ̀ kí o máa gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún kan àbọ̀, lórí ọ̀kadà méjì àti omi, nínú òtútù ìdájí? Má jẹ́ kí ìyá Wàsíù gbọ́ pé ó wá sí ọ lọ́kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ti Ṣómólú fún ọ, èyí tó ń dùn mọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Tọ́sìdè, mo jí, mo bá bàbá rẹ tó ti wọṣọ, ó ti de fìlà. Ó ní òun náà fẹ́ lọ síṣẹ́. A jáde ní kùtùkùtù kí á lè dé ẹnu géètì ilé yẹn ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago láti ibẹ̀ bíi pé àwa la ń gbé inú rẹ̀. A yára dé. A dúró síwájú géètì, bàbá rẹ ń wo ọwọ́. Obìnrin tó ni ilé jáde wá gbálẹ̀, ó kí wa, ó bèèrè ẹni tí à ń wá. Bàbá rẹ ní, "Kò sí, ìyá. Aago là ń dúró dè." Obìnrin náà mú ọwọ̀ mọ́ra. Ó kù díẹ̀ kó pe àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò.

Mo sáré ṣàlàyé. Nígbà tó gbọ́ pé nítorí ọmọ wa ni, ó fi ọwọ̀ sílẹ̀, ó mú wa wọlé. Èyí ni ìmọ̀ràn mìíràn, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́: bá àwọn tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ohun tí ejẹ́ńtì kò mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ògiri hàn mí. Ó ní ìgbà òjò, omi máa ń dé ibi búlọ́ọ̀kù kejì, kì í wọlé. Mo wò ó, àbàwọ́n náà dúró síbẹ̀ lóòótọ́, kò gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Àgbádó, wọ́n ti kun ọ̀dà tuntun sórí tiwọn, a rò pé ìmọ́tótó ni. Ibikíbi tí o bá ti rí ọ̀dà tuntun nísàlẹ̀ nìkan, yára bèèrè. Ó tún sọ fún mi pé kírẹ́ẹ̀ṣì kan wà ní ilé kẹta, pé obìnrin tó ni ín kì í lu ọmọ, àti pé ó máa ń dúró de àwọn ìyá títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí o bá pẹ́, Wàsíù á lọ gbé e. Kí ló kan ọmọ bóyá bàbá ló gbé e? Kò burú bó bá kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀, ilé kan náà ni yóò ti pe ìwọ.

Láti géètì yẹn dé Màríínà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ kan, bọ́ọ̀sì kan, ẹsẹ̀ díẹ̀. Àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú jù ú lọ. Bàbá rẹ gbá mi lọ́wọ́ bíi pé bọ́ọ̀lù ló wọlé. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó gbé wa nírọ̀lẹ́ ni ó gbé wa láàárọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ ti gba owó oṣù?"

Mo mọ ohun tó máa dun Wàsíù, àyè àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Bá mi sọ fún un pé yàrá ìsàlẹ̀ tó kángun sí kànga ní agboolé ṣófo. Bàbá rẹ ti lọ bá olórí ẹbí, ó gbé obì dání, wọ́n sì gbà kó máa kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi rí ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù ni kó máa sùn lọ́dọ̀ wa. Ẹrù kì í gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ti kíṣíìnì kékeré, ẹ ó máa tò wọ ọ́. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá wá tí wọ́n ń wojú ara wọn, ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tètè dé, kí ló sinmi? Má gbà á torí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Gba àyè fún ọjọ́ méjì, kí ìwọ àti ọkọ rẹ rin méjèèjì lọ́jọ́ iṣẹ́ kí Fúráìdè tó dé. Kí ẹ jọ rìn ín. Ní Àgbádó, bàbá rẹ àti èmi ń jà lórí ọ̀nà tí ẹnì kan nínú wa nìkan ń rìn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ bá ire pàdé níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ á fẹ́ràn rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ ti ibi iṣẹ́ dé, tí o bá Náfísá tí ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, pè mí kí o tó bọ́ bàtà. Má bá mi sọ̀rọ̀. Ṣáà di fóònù náà mú, kí n gbọ́ ohun tó máa pè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì sùn dáadáa láti Mọ́ńdè, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Ìyá Mọ́ríámọ̀.